Ọjọ́ Kejì Kérésìmesì ní Ìkẹ́rẹ́

Ẹni tí ó bá gba Àkúrẹ́ lọ sí Adó-Èkìtì kò lè ṣàì rí àpáta Olósùnta, tí ó dúró gbagidi lórí ìlú Ìkẹ́rẹ́. Láti ààfin Ògògà ìlú yìí ni ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ti lọ sí ìpàtẹ ńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1924, tí kò sì padà wálé mọ́. Ṣùgbọ́n ilé ìdáná ni mo ní í ròyìn fún yín, kì í ṣe ilẹ̀kùn.

Ilé àwọn ọkọ mi ni a ti ṣe ọdún. Iyán ni olórí oúnjẹ. Ẹ̀fọ́ ebòlò tí a fi ẹ̀gúsí sè, mọ́ínmọ́ín, dòdò àti ìrẹsì sì yí i ká. Àlejò jẹ, wọ́n yó, oúnjẹ sì ṣẹ́kù.

Ní alẹ́, mo ń bo ìkòkò ìrẹsì tí a sè fún àwọn àlejò ìkẹyìn, tí ó ṣì gbóná, kí a lè gbé e kaná ní òwúrọ̀. Ìyá ọkọ mi dá mi dúró: "Ìyàwó, bù ú fún àwọn ará ilé kejì nísinsìnyí. Má jẹ́ kí ó sùn."

Mo rántí ọdún tí ìrẹsì àná mú ọmọ mi bì títí ilẹ̀ fi mọ́, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ti gbé e kaná kí ó tó jẹ ẹ́. Kòkòrò kan tí ojú kò lè rí a máa wà nínú ìrẹsì. Bí a bá fi ìrẹsì sísè sílẹ̀ pẹ́ láìtutù, kòkòrò náà a máa tu oró sí i, iná kò sì lè pa oró náà. Ẹni tí ó ní fíríìjì, kí ó tètè gbé e sínú rẹ̀. Ẹni tí kò ní, kí ó fi ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá gé iṣu sísè tí a kò gún wẹ́wẹ́, ó dín in ní dùndú. Ó gé mọ́ínmọ́ín pẹlẹbẹ, ó sì dín in nínú epo díẹ̀. Ọbẹ̀ ata, tí a ti sè hó kí a tó sùn, tún hó ní òwúrọ̀; egungun ẹran inú rẹ̀ ni a fi se ẹ̀wà. Èèpo iṣu di ti ewúrẹ́.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe fi oúnjẹ ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ìkòkò ìrẹsì kan sọ ayọ̀ ọdún di ẹkún. Ẹ kú ọdún o.