Bàtà Gogoro Ló Kọ́ Mi Ní Físíìsì

Ní sáà tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí n fi Físíìsì sílẹ̀. Tíṣà wa bi wá pé kí la máa ṣe tí a bá fẹ́ kí pressure pọ̀ gan-an. Mo nawọ́, mo ní, "Sà, ká lọ wá ẹ̀rọ ńlá." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Mo wò yíká lábù wa kékeré yìí, mo ní, kí la tiẹ̀ fẹ́ fi èyí ṣe?

Ní Sunday tó tẹ̀lé e, òjò rọ̀ ní Igbó Ẹfọ̀n, gbogbo iyanrìn àdúgbò wa sì tutù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọ bàtà gogoro lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀ ni ìdí bàtà ẹ̀ ń rì wọlẹ̀. Màámi tó sanra jù ú lọ wọ sílípáàsì pẹlẹbẹ, wọn ò rì rárá. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yé mi: bí ojú ibi tí agbára ti ń tẹ nǹkan bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni pressure ṣe máa pọ̀ tó.

Mo lọ bá tíṣà. Inú wọn dùn, wọ́n sọ fún mi pé ní 1958, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ìjọba Amẹ́ríkà kọ orí dáyámọ́ǹdì méjì síra wọn, wọ́n sì ń tẹ nǹkan láàárín wọn. Dáyámọ́ǹdì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́ ni wọ́n lò o! Ọwọ́ kan lè gbé ẹ̀rọ náà. Lónìí, irú ẹ̀ lè mú pressure tó tó ti àárín gbùngbùn ilẹ̀ ayé wá, èyí tó ju ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká lọ ní ìlọ́po mílíọ̀nù mẹ́ta. Dáyámọ́ǹdì sì mọ́ gaara, ojú ń rí ohun tó wà láàárín. Tó bá jẹ́ omi ni, tí pressure sì tó bí ìlọ́po 10,000, omi yẹn á di yìnyín láì sí firíìjì.

Mo sáré lọ sọ fún màámi, torí omi tútù ni wọ́n ń tà, tí iná bá sì ti lọ, ọjà bàjẹ́ nìyẹn.

Wọ́n ní, "Ṣé a lè rí i tà?"

Mo ní, "Màámi, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Tí wọ́n bá sì ti tú u sílẹ̀, ó ti padà di omi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, "Kàwé ẹ lọ. Ìwọ ni wàá ṣe èyí tó máa pọ̀."

Mi ò fi Físíìsì sílẹ̀ mọ́. Lábù wa ò ní dáyámọ́ǹdì, ṣùgbọ́n mi ò tún fojú kékeré wò ó mọ́.