Orí Nìkan Ni Wọ́n Ní Kí Ó Máa Ṣọ́

Ìyá kan ní Ìbàdàn ń tú ìtẹ́dìí ọmọ rẹ̀ ní òwúrọ̀ kí ó lè wẹ̀ ẹ́, ni ó bá rí ohun funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yọ ní ihò ìdí ọmọ náà. Ó pè é ní aràn. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní, "Ìyàwó, fà á jáde kí ara lè tu ọmọ." Ṣùgbọ́n aràn kì í dán bẹ́ẹ̀, omi tó mọ́ gaara kì í sì í kán lẹ́nu aràn. Obìnrin náà kígbe: "Ẹ má fọwọ́ kàn án, Màmá! Rọ́bà orí rẹ̀ ni."

Oṣù mẹ́jọ ṣáájú ni wọ́n ti fi rọ́bà náà sí i. Omi kan ń sun nínú ọpọlọ gbogbo ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ a sì máa fà á padà. Bí ọ̀nà rẹ̀ bá dí, omi a kún, orí ìkókó a sì tóbi ju bó ti yẹ lọ. Oníṣẹ́ abẹ a ti rọ́bà bọ inú ọpọlọ, a gbà á lábẹ́ awọ, lẹ́yìn etí, ní ọrùn àti àyà, títí dé ikùn, kí ara lè fa omi náà mu níbẹ̀. Nígbà tí John Holter, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ṣe fáàfù tirẹ̀ ní ọdún 1956 nítorí Casey ọmọ rẹ̀, ọkàn ni wọ́n ń da omi náà sí. Ikùn ni wọ́n yàn lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, nítorí pé àyè gbà á: wọ́n lè ká rọ́bà gígùn síbẹ̀ de ìdàgbà ọmọ.

Àmọ́ ikùn kì í ṣe àgbá òfìfo. Omi lè dá jọ sójú kan bí àpò, kí inú ọmọ wú. Rọ́bà lè rìn dé kórópọ̀n ọmọkùnrin, kí wọ́n máa pè é ní ìpá. Ó sì lè lu ìfun já, bíi ti ọmọ yìí. Èyí tó burú jù ni pé ọmọ lè máà sunkún rárá, kí inú rẹ̀ sì rọ̀, nígbà tí kòkòrò inú ìgbẹ́ ń gba ojú rọ́bà gun òkè lọ sí ọpọlọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ara ọmọ náà ti ń gbóná, ó sì ń bì. Oògùn ibà ni wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Ta ni yóò dá ìyá lẹ́bi? Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, orí nìkan ni wọ́n ní kí ó máa ṣọ́. Kò sí ẹni tó dárúkọ ikùn. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà, kò sì náni ní kọ́bọ̀.

Wọ́n gé rọ́bà náà lókè, wọ́n fa ìsàlẹ̀ rẹ̀ gba ihò ìdí jáde, wọ́n sì ń da omi orí ọmọ sínú àpò kan lóde ara títí kòkòrò fi tán nínú rẹ̀. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó fi òmíràn sí i. Ní wọ́ọ̀dù, obìnrin kan tí ọmọ tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti tíátà dé bi í léèrè ohun tí òun yóò máa wò. Ó ká ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ sókè, ó sì gbé ọwọ́ obìnrin náà lé ikùn rẹ̀.