Ọ̀nà Calgary àti Ẹsẹ̀ Mọ́tò Àbúrò Mi

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mọ́tò ni mo bá lẹ́nu àbúrò mi nígbà tí mo dé Calgary ní oṣù Kẹfà. Mi ò tíì mu omi tán tó fi gbé fóònù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, tó ń fi àwòrán sípíríǹgì hàn mí: ti Eibach láti Jámánì, ti Tein láti Japan, ti Öhlins láti Sweden.

Acura TL ọdún 2005 ni mọ́tò náà. Ẹni tó bá mọ Honda Accord tí a sọ ní “End of Discussion” ní Nàìjíríà ti mọ ìbátan rẹ̀, nítorí orí ìpìlẹ̀ kan náà ni Honda ti kọ́ àwọn méjèèjì. TL ni wọ́n kẹ́ jù: ẹ́ńjìnnì V6 oní-lítà 3.2, àga aláwọ, àti agbára tó ń mú kí èèyàn fẹ́ tẹ̀ ẹ́ síwájú sí i. A ti fohùn ṣọ̀kan pé a máa gbé e gun Highwood Pass, tó wà ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù ìlú náà, ní kété tí wọ́n bá ṣí ọ̀nà ibẹ̀. Kò sí ojú títì ọlọ́dà tó ga tó o ní gbogbo Kánádà, mítà 2,206 sókè òkun. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà, títì pa ni wọ́n máa ń tì í. Kí ọjọ́ náà tó pé, àbúrò mi fẹ́ kí mọ́tò rẹ̀ ti lọlẹ̀. Coilover ló fẹ́ rà, irú ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì alásopọ̀ tí wọ́n ń fi sípánà yí kí mọ́tò lè sún mọ́ ilẹ̀. Owó tó lé ní 2,000 dọ́là Kánádà ló ti tọ́jú sílẹ̀ fún un.

Nílé wa, gíga la máa ń gbé mọ́tò. Bí mọ́tò Tókúnbọ̀ bá ti dé láti Kùtọnu tàbí Apápá, ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní kí mẹkáníìkì fi rọ́bà há àárín sípíríǹgì, kí ìsàlẹ̀ mọ́tò má baà máa họ ilẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Calgary ń sọ ọ́ kalẹ̀. Mo rò pé ọ̀nà ibẹ̀ ló gbà wọ́n láyè, títí àbúrò mi fi gbé mi gba òpópónà Deerfoot Trail.

Gálọ́ọ̀pù wà ní Calgary. Atẹ́gùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Chinook, tó máa ń fẹ́ wá láti orí òkè Rocky láàárín ìgbà yìnyín. Ó gbóná, ó sì gbẹ. Ìlú tó ti di yìnyín ní òwúrọ̀ lè máa ṣàn fún omi kí ilẹ̀ tó ṣú. Omi yẹn á wọ inú sísán ojú títì. Bí òtútù bá padà dé, omi á dì, á fẹ̀, á sì ti ọ̀dà sókè. Bí èyí bá ti ń ṣẹlẹ̀ léraléra láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹrin, ọ̀dà á jẹ, á sì di kòtò. Ohun tó wú mi lórí ni pé ará ìlú lè pe 311, nọ́ńbà ìjọba ìlú náà, kó sọ orúkọ títì náà, wọ́n á sì fún un ní nọ́ńbà tí yóò fi máa tọpa ẹ̀sùn rẹ̀. Nílé wa, ọdún 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ọdún 2013 ni iṣẹ́ àtúnkọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọdún tó wà láàárín, ta ni awakọ̀ tí táyà rẹ̀ bẹ́ ní Ìbàfò yóò pè? Bí ìjọba wa bá máa kó nǹkan kan wálé láti òkè òkun, nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n kó.

Ní apá àríwá-ìlà-oòrùn Calgary ni ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tí a gbé mọ́tò náà lọ wà. Àlàájì kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló ni ín. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ọwọ́ rẹ̀ sì dúdú fún gíríìsì. A dọ̀bálẹ̀. Àbúrò mi na fóònù sí i, ṣùgbọ́n Àlàájì kò gbà á.

“Ọ̀nà wo lò ń tọ̀ lójoojúmọ́?”

“Deerfoot ni, sà. Mo máa ń já àwọn ọmọ sílé ẹ̀kọ́ kí n tó gba ibi iṣẹ́ lọ.”

“Ìgbà yìnyín ńkọ́?”

“Mọ́tò yìí náà ni mò ń wà, sà.”

“Ṣé o máa ń gbé e lọ sí pápá ìdíje?”

“Rárá, sà.”

Ó ní ká gbé mọ́tò wọlé, ó sì gbé e sókè. Ó ki irin gbọọrọ kan bọ apá ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ iwájú, ó tẹ̀ ẹ́, apá náà sì yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Rọ́bà búṣìn ńlá tó wà lẹ́yìn ti fà ya. Omi dúdú tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ti ṣàn sára irin. Ó bọ́ sẹ́yìn, ó fi ìka nu ara ṣọ́ọ̀kì kan, ó sì fi òróró tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ hàn wá.

“Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù mọ́tò,” ó wí. “Ṣọ́ọ̀kì ló ń sọ fún sípíríǹgì pé ó tó, má fò mọ́. Búṣìn ló ń mú ẹsẹ̀ dúró síbi tí Honda fi í sí. Bí búṣìn bá ti ya, kò sí sípíríǹgì tí o lè rà tí mọ́tò yóò fi gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu ní kọ́nà.”

Ó wá sọ ohun tí sísọ mọ́tò kalẹ̀ máa ń fà. Bí ara mọ́tò bá ti sún mọ́ ilẹ̀, àyè tí ẹsẹ̀ ní láti ká sókè nígbà tó bá já sí kòtò á dín kù, á sì máa gbá rọ́bà ìdádúró tó wà lókè. Táyà á tẹ̀ sínú, ẹ̀gbẹ́ inú á jẹ tán nígbà tí ẹ̀gbẹ́ òde ṣì ń dán. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín á jẹ òbìrí tí a fi ń yí coilover, kó tó ọdún mélòó kan kò ní yí mọ́.

“Mo lè bá ọ dè é,” Àlàájì sọ. “Èrè tí mo máa rí níbẹ̀ ju ti iṣẹ́ yòókù lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá ń gbé àwọn ọmọ rẹ lọ ní oṣù kìn-ín-ní, èmi ni o máa ṣépè fún.”

Ohun tó ní kí ó ṣe nìyí: kí ó pààrọ̀ apá ìsàlẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú búṣìn rọ́bà, kì í ṣe ti polyurethane tó máa ń dún wíríwírí nínú òtútù; kí ó fi ṣọ́ọ̀kì tuntun sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, irú èyí tí ọwọ́ lè yí kó le tàbí kó rọ̀; kí ó sì wá sípíríǹgì TL Type-S ti ọdún 2007 tàbí 2008, tí Honda fúnra rẹ̀ ti mú le díẹ̀ láì sọ mọ́tò di pákó. Nígbà tí ó ṣírò rẹ̀ tán, owó tó ṣẹ́ kù tó ra táyà yìnyín. Òfin ìpínlẹ̀ Alberta kò sọ táyà yìnyín di dandan. Àlàájì sọ ọ́ di dandan.

Ó wú mi lórí gan-an. Ẹni tó fẹ́ náwó ti dúró síwájú Àlàájì, Àlàájì sì fi ẹnu ara rẹ̀ dín owó náà kù. Mo bi í bí ó ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí. Ó ní Múṣín ni òun ti kọ́ṣẹ́, níbi tí kò jìnnà sí ọjà Ládípọ̀, òun sì ti gba ìdáǹdè, òun ti ní ọmọ iṣẹ́, kí òun tó wá sí Kánádà. Ṣùgbọ́n ní Alberta, ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí, tí kò sì forúkọ sílẹ̀ bí ọmọ iṣẹ́, kò gbọ́dọ̀ tún mọ́tò ẹlòmíràn ṣe gba owó. Bàbá yìí padà sí kíláàsì ní SAIT, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Calgary ní 1916, ó jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ó lè bí.

“Ṣé kò dùn yín, Àlàájì?” mo bi í.

“Ó dùn mí ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, mo dúpẹ́. Ohun tí ọwọ́ mi ti mọ̀, wọ́n kọ́ mi bí màá ṣe fi nọ́ńbà sọ ọ́.”

Mo rí ohun tó ń sọ nígbà tí àwọn ọjà náà dé tó ń dè wọ́n. Ó fi ọwọ́ so àwọn bọ́ọ̀tì apá ìsàlẹ̀ wẹ́rẹ́, kò fún wọn pa. Ó sọ mọ́tò kalẹ̀ kí ìwúwo rẹ̀ lè jókòó sórí táyà, ó gba abẹ́ wọlé, ìgbà náà ló tó gbé sípánà tó ń ka agbára, ó ń fún bọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan títí sípánà fi dún. Ó ní rọ́bà búṣìn lẹ̀ mọ́ irin inú rẹ̀. Bí a bá fún un pa nígbà tí ẹsẹ̀ ń rọ̀ lófuurufú, bí mọ́tò bá ti balẹ̀, rọ́bà á lọ́ bí aṣọ tí alágbàfọ̀ ń fún, á wà bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru, á sì ya láìpẹ́. Ní Múṣín, òkè ni wọ́n ti máa ń fún un pa. Bí búṣìn bá ya, wọ́n á ní ọjà ayédèrú ni. Ó sọ èyí pẹ̀lú ìrora, bí ẹni tó ń rántí gbogbo oníbàárà tó san owó lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá dìde, ó fọ ọwọ́, ó kí ìrun Àsárì, ó ṣí kúlà ìrẹsì tí ìyàwó rẹ̀ dì fún un, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ ẹ́ lórí bẹ́ńṣì.

Nígbà tí wọ́n ti ṣe alánímẹ́ǹtì, tí ọ̀nà Highwood Pass sì ti ṣí, a gba òpópónà Trans-Canada lọ sí ìwọ̀ oòrùn, a yà sí gúúsù ní òpópónà 40, a kọjá Nakiska, níbi tí wọ́n ti díje lórí yìnyín ní Òlíḿpíìkì 1988. Ibi tí òtútù ti wú ojú títì sókè pọ̀ lójú ọ̀nà náà. Mọ́tò á gòkè lẹ́ẹ̀kan, á sọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sì dákẹ́; kò jó. Ní kọ́nà, ó tẹ̀ díẹ̀, ó di ilẹ̀ mú. Àbúrò mi kò sọ̀rọ̀ sípíríǹgì mọ́. Yìnyín ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lókè pátápátá.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì wa ní Ládípọ̀, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, mo bẹ̀ yín: ẹ jẹ́ kí táyà mọ́tò tẹ ilẹ̀ kí ẹ tó fún bọ́ọ̀tì búṣìn pa. Ẹ̀yin tí ẹ ni mọ́tò, ẹ dúró tì wọ́n, kí ẹ sì rí i pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.