Nígbà tí Kẹ̀kẹ́ bá Bàjẹ́ ní Ọ̀nà Kábbà sí Ẹ̀gbẹ̀

Kábbà, ìlú tí ọba rẹ̀ ń jẹ́ Ọbáró, ni oríta tí ọ̀nà Lọ́kọ́ja, Òkènè, Ìkàrẹ́ àti Ẹ̀gbẹ̀ ti pàdé, nítorí náà ẹni tí kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ wà, bá bàjẹ́ níbẹ̀ kì í wá olùtúnṣe jìnnà. Ṣùgbọ́n arìnrìn-àjò tó bá gba Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ àti Mọpà kọjá sí Ìsánlú, tó sì ń fojú sọ́nà fún Ẹ̀gbẹ̀, yóò la àwọn ibi tí òkè pọ̀ sí tí ilé kò sì sí nítòsí kọjá, ibẹ̀ gan-an sì ni ìbàjẹ́ kẹ̀kẹ́ ti máa ń dunni.

Táyà jíjò ló wọ́pọ̀ jù. Láti 1888 tí John Boyd Dunlop, dókítà ẹranko ará Sìkọ́tíláǹdì tó ń gbé ní Belfast, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ lórí táyà tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, ni ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rọ́bà líle tó ń gbo ara jìgìjìgì, tó sì bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gún. Fọkanáísà, ẹni tó ń lẹ táyà, ni a máa ń kọ́kọ́ wá. Yóò yọ túùbù, ìyẹn rọ́bà inú tó gba afẹ́fẹ́ sára, yóò fẹ́ ẹ díẹ̀, yóò sì rì í sínú omi títí yóò fi rí ibi tó ti ń hó; lẹ́yìn náà ni yóò nù ún gbẹ, yóò ha ojú ihò náà, yóò fi sọlúṣọ̀n, tí í ṣe gọ́ọ̀mù rọ́bà, pa á, yóò sì ní sùúrù kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kí ó tó lẹ̀ ẹ́. Èyí tó mọṣẹ́ kò ní dá túùbù padà láìfi ọwọ́ ra inú táyà, torí ẹ̀gún tó bá kù síbẹ̀ yóò tún gún un.

Ìṣòro òde òní ni pé ti ọ̀kadà, ìyẹn alùpùpù akérò, ni ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ jẹ́ ínǹṣì 28, ti ọ̀kadà sì sábà máa ń jẹ́ 17 tàbí 18, nítorí náà túùbù ọ̀kan kò lè rọ́pò èkejì. Fáàfù, ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, sì yàtọ̀ débi pé ẹ̀rọ ìfẹ́táyà ńlá lè má bá a mu. Bàbá àgbà tó ṣì ní páǹpù ọlọ́wọ́ nílé wúlò nígbà náà ju ṣọ́ọ̀bù lọ.

Láti inú ìkíni ni orúkọ Òkun, tí a fi ń pe àwọn ará Kábbà, Bùnú, Ìjùmú, Ọ̀wọ́rọ̀ àti Yàgbà pọ̀, ti jáde, ẹni tó bá sì ń ti kẹ̀kẹ́ lọ nínú oòrùn yóò gbọ́ ìkíni náà lẹ́nu àwọn tó ń ti oko bọ̀. Kí ó dúró dáhùn, kí ó kí àgbà ilé kí ó tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, torí ọ̀dọ̀ wọn ni yóò ti mọ ẹni tó ní páǹpù, tàbí awakọ̀ tó lè gbé kẹ̀kẹ́ náà sórí ọkọ̀ padà sí Kábbà. Bí túùbù bá ya kọjá lílẹ̀, koríko gbígbẹ tí a kì sínú táyà dáadáa lè gbé kẹ̀kẹ́ náà rọra dé ìlú tó kàn.

Ó yẹ kí àwọn ọ̀gá fọkanáísà máa kọ́ ọmọṣẹ́ wọn ní iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ológeere pẹ̀lú ti ọ̀kadà. Ní ti ẹlẹ́kẹ̀ẹ́, kí ó ra túùbù ínǹṣì 28, sọlúṣọ̀n àti páǹpù ọlọ́wọ́ kí ó tó kúrò nílùú.