Ìsọ̀ Tí Wọ́n Fi Mí Tì ní Pittsburgh

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àwọn tí ń fi èdè Python pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà péjọ sí gbọ̀ngàn ńlá kan létí odò Allegheny, ní ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ wa gba ìsọ̀ níbẹ̀ láti polówó ètò kọ̀ǹpútà wa. Èmi ni wọ́n fi tì í. Ọ̀fẹ́ ni a ń pín ìbọ̀sẹ̀, èrò sì ń rọ́ wá. Ọ̀pọ̀ wọn gba ìbọ̀sẹ̀ lọ, wọn kò bèèrè ohun tí à ń tà.

Obìnrin kan dúró, ó ní: "Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já lójijì, ṣé iṣẹ́ mi kò ní sọnù?"

Mo mọ̀ pé yóò sọnù. Ọ̀gá mi sì wà nítòsí, ó tẹ́tí sílẹ̀. Mo rántí ìyá mi ní ọjà Gbági n'Ìbàdàn, tí í fi àbùkù aṣọ han oníbàárà kí wọ́n tó ná an. Mo ní: "Yóò sọnù. A kò tíì rí i tún ṣe."

Ọ̀gá mi fajú ro.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà mú ọ̀gá tirẹ̀ wá. Ó ní: "Ẹni tó sọ òótọ́ fún mi nìyí." Wọ́n ra ètò wa, pẹ̀lú àdéhùn pé a ó tún un ṣe. Oṣù méjì ni a fi ṣe é.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìbọ̀sẹ̀ lè pe èrò wá sí ìsọ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni í sọ èrò di oníbàárà.