Bẹ́líìtì Ọkọ̀ Bàbá Mi

Awakọ̀ tákísí ni bàbá mi ní ìlú Ìbàdàn. Owó tí ó bá pa lórí ọkọ̀ náà ni a fi ń jẹun. Òun náà ni a fi ń san owó ilé-ìwé èmi àti àwọn àbúrò mi. Nítorí náà, bí nǹkan bá ṣe ọkọ̀ yìí, ara gbogbo wa kì í balẹ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í han bí ìgbà tí irin bá ń ha irin. Èmi àti bàbá mi gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ Bàbá Mẹkáníìkì. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì fi bẹ́líìtì dúdú gígùn kan hàn mí.

Ó ní, "Àbíkẹ́, wo bí bẹ́líìtì yìí ti lọ́ mọ́ àwọn púlì bí ejò. Púlì ńlá tí ó wà nísàlẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Púlì náà ń fa bẹ́líìtì, bẹ́líìtì sì ń yí gbogbo àwọn yòókù. Ọ̀kan ń ti omi káàkiri inú ẹ́ńjìnnì kí ó má baà gbóná jù. Ọ̀kan ń mú iná wá fún bátìrì. Òmíràn ń jẹ́ kí sítíárìn rọrùn láti yí."

Bíárìn púlì kékeré kan ni ó ti bàjẹ́. A kò lè pààrọ̀ rẹ̀ láìkọ́kọ́ yọ bẹ́líìtì. Àwòrán tí ó ń fi ọ̀nà bẹ́líìtì hàn lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì sì ti pa rẹ́. Bàbá Mẹkáníìkì ní kí n mú ìwé àti pẹ́ńsùlù, kí n ya ọ̀nà náà kí òun tó yọ ọ́. Mo ya púlì kọ̀ọ̀kan bí òdo, mo sì fa ìlà bẹ́líìtì yí wọn ká.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù, ó fi sípánà gígùn yí apá irin kan tí sípíríǹgì ń fà. Bẹ́líìtì dẹ̀, ó sì yọ ọ́. Lẹ́yìn tí ó pààrọ̀ púlì, ó ní kí Bùọ̀dá Ṣẹ́gun, ọmọṣẹ́ rẹ̀, dá bẹ́líìtì padà.

Bí Bùọ̀dá Ṣẹ́gun ti parí, mo wo ìwé mi. Nínú àwòrán mi, abẹ́ púlì tí ń ti omi ni bẹ́líìtì gbà. Ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ ni Bùọ̀dá Ṣẹ́gun gbé e gbà. Ẹ̀rù bà mí láti sọ̀rọ̀, nítorí ó dàgbà jù mí lọ. Síbẹ̀, mo rántí pé ọkọ̀ yìí ni oúnjẹ wa. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, Bùọ̀dá Ṣẹ́gun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo àwòrán yìí."

Bàbá Mẹkáníìkì sún mọ́ wa. Ó ní, "Òótọ́ ni. Ojú bẹ́líìtì tí ó ní ìlà ni ó ń wọ púlì tí ó ní ìlà. Púlì omi yìí dán, ẹ̀yìn bẹ́líìtì tí ó dán ni ó yẹ kí ó kàn án. Bí a bá ṣí ẹ́ńjìnnì báyìí, púlì náà yóò máa yí sẹ́yìn. Omi kò ní lọ dáadáa, ẹ́ńjìnnì yóò gbóná, ó sì lè nọ́ọ̀kì."

Bùọ̀dá Ṣẹ́gun kò bínú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì tún bẹ́líìtì náà tò gẹ́gẹ́ bí àwòrán. Ó fi sípánà fa apá irin náà, ó gbé bẹ́líìtì lé púlì òkè kẹ́yìn, ó sì rọra dá apá irin náà padà. Bàbá Mẹkáníìkì fi ìka wò ó yíká, kò sí ìlà kankan tí ó yọ síta. Ó ní kí gbogbo wa sún sẹ́yìn, kí aṣọ tàbí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má baà há. Nígbà náà ni bàbá mi ṣí ọkọ̀. Ariwo náà ti dákẹ́.

Bàbá Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀." Bàbá mi ká àwòrán náà, ó sì fi í pamọ́ sínú ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ó wà títí di òní.

Ìbéèrè
1. Kí ni iṣẹ́ bẹ́líìtì nínú ọkọ̀?
2. Kí ni ìdí tí Àbíkẹ́ fi ya àwòrán?
3. Báwo ni Àbíkẹ́ ṣe bá Bùọ̀dá Ṣẹ́gun sọ̀rọ̀?
4. Kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ sí ẹ́ńjìnnì bí Àbíkẹ́ bá dákẹ́?