Ìjàpá Tí Kì í Ṣàìgbọràn

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni ó rò pé níbi tí kò bá sí kọ̀ǹpútà, kò sí bí a ti lè kọ́ ènìyàn ní ètò kọ̀ǹpútà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Kí ni ètò kọ̀ǹpútà bí kò ṣe àṣẹ tí a tò lẹ́sẹẹsẹ fún ẹ̀rọ tí kò ní ọgbọ́n ti ara rẹ̀?

Ní ọdún 1967 ni Seymour Papert, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, pẹ̀lú Wally Feurzeig àti Cynthia Solomon, ṣe èdè kan fún àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n pè ní Logo. Ìjàpá ni wọ́n fi ń kọ́ni nínú rẹ̀: ọmọ yóò ní kí ó rìn síwájú tàbí kí ó yà sí ọ̀tún, ìjàpá yóò sì máa fa ìlà bí ó ti ń lọ. Ní ọdún 1982 ẹ̀kọ́ yìí dé Dakar ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi wé Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo. Èyí kò lè rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tí a bá ní kí ó ṣe gan-an ni yóò ṣe, ìbáà jẹ́ ohun òmùgọ̀.)

N kò sọ pé kọ̀ǹpútà kò wúlò. Nji Collins Gbah ti Bamenda, ọmọ ọdún 17, ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó borí nínú ìdíje Google Code-in ní January 2017. Ní oṣù náà gan-an ni ìjọba gé íntánẹ́ẹ̀tì ní ẹkùn tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, títí di April. Ó ní láti lọ sí Yaoundé kí ó tó rí i lò. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ń sọ.

Ní Nkololoun, ní ìlú Douala, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà wa. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ọmọ kan a di ìjàpá, àwọn yòókù a máa pàṣẹ ní èdè Faransé, nítorí òun ni gbogbo wọn jọ gbọ́. Ọ̀kan kígbe pé «Avance!» láìsọ iye ìṣísẹ̀, ìjàpá rìn títí ó fi kọlu òkìtì aṣọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó tún gbàgbé iye.

Bàbá kan tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ó ń ta òkìrìkà, dúró tì wá. Ó ní, “Tíṣà, ṣé eré yìí ni wọn yóò jẹ lálẹ́?”

Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, bí ẹ bá tú aṣọ, báwo ni ẹ ti ń ṣà á?”

Ó ní bí aṣọ bá ya, ilẹ̀ ni. Bí ó bá ní àbàwọ́n díẹ̀, àárín ni. Bí kò bá ní àbùkù rárá, òkè ni. Bẹ́ẹ̀ ni òun yóò máa ṣe títí aṣọ yóò fi tán. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, mo fi “bí” àti “títí” hàn án, mo sì wí fún un pé lórí irú ọ̀rọ̀ méjì yìí ni ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà dúró lé.

Ó wo ìwé náà pẹ́. Ó ní, “Èyí tí ó ya, ṣùgbọ́n tí àwọ̀ rẹ̀ wu oníbàárà ńkọ́?”

Kí n tó lanu, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ní, “Bàbá, ẹ fi ‘bí’ mìíràn kún un, kí ó ṣíwájú ti àkọ́kọ́.”

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá náà gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sáàárín àwọn ọmọ. Ó ní òun kò ní ṣe ìjàpá o. Àṣẹ ni òun yóò máa pa.